Kí Ọkọ̀ Gàrí Tó Dé

Ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, mo kí ìyá onígàrí tí mo jẹ́ oníbàárà rẹ̀: "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Èló ni kóńgò lónìí?" Kò dá mi lóhùn. Ọmọdébìnrin kan ló kọjú sí: "Sáré lọ wò ó bóyá ọkọ̀ ti já ẹrù." Ọmọ náà padà, ó ní ọkọ̀ ò tíì dé. Ìgbà náà ni ìyá tó pe iye àná fún mi.

Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ń dà mí láàmú lọ́sẹ̀ náà nìyẹn. Mo ń kọ ògbufọ̀ fún èdè kọ̀ǹpútà kékeré kan, èyí tó ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan tó sì ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ètò kan lè bi í léèrè nígbà ẹgbẹ̀rún pé kí ni TZ, environment variable tó ń sọ aago ìlú tí à ń tẹ̀ lé. Unix ti ń lo irú rẹ̀ láti 1979. Mo ní kí ògbufọ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó há a sórí. Ó yára lóòótọ́! Àfi ìgbà tí ètò yí TZ láti UTC sí Africa/Lagos: aago ọwọ́ mi lu mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà ní mẹ́sàn-án ni. Iye àná ló ń pè.

Mo wá fi òǹkà kan síbẹ̀. Bí ètò bá yí ohunkóhun padà, òǹkà á lé ẹyọ kan. Ògbufọ̀ á wo òǹkà kó tó dáhùn. Ọmọdébìnrin mi nìyẹn. Ètò ìta ò yọ mí lẹ́nu: ọmọ tí ètò bá bí ń jogún àwọn iye náà, ṣùgbọ́n èyí tó bá yí padà lọ́dọ̀ ara rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ètò tó bí i. Ilé ni ewu wà. Kóòdù C tó ń bá ògbufọ̀ gbélé lè pe setenv, tó ń yí iye wọ̀nyí padà, kí òǹkà mi má mọ̀ rárá.

Ti Python náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ń da gbogbo environment variable kọ sínú os.environ níbẹ̀rẹ̀, èyí tí C bá yí lẹ́yìn náà kì í hàn níbẹ̀. Inú Python 3.14, tó jáde ní 2025, ni os.reload_environ, tó ń tún wọn kà, ti wọlé. Àwọn tó ṣe Python tiẹ̀ kọ àléébù yìí sínú ìwé ìlò wọn. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní báyìí, bí ètò bá ti pe C tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́, ògbufọ̀ á gbàgbé gbogbo ohun tó há sórí, á tún un béèrè. Ó fà díẹ̀, ṣùgbọ́n aago méjèèjì ti bára mu.