Wáyà Tó Gbé Ohùn Oko Wa Dé Òkè Òkun

Kí iná mànàmáná tó dé Lálùpọn, ìlú wa lóko Ìbàdàn, ni rédíò ti dé ibẹ̀. Nígboro Ìbàdàn, àwọn kan ní àpótí Rediffusion lára ògiri ilé wọn, tí wáyà orí òpó ń gbé ọ̀rọ̀ wá bá. Wáyà yẹn kò yà sọ́dọ̀ àwa ará oko. Rédíò oníbátìrì ni tiwa, agboolé tó bá sì ní ẹyọ kan, ojúde wọn ni àdúgbò ń péjọ sí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ìròyìn WNBS, rédíò ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, la kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Bí àwọn àgbà bá wọlé lọ sùn tán, àwa ọ̀dọ́ á yí i sí ṣọ́ọ̀tì wéèfù.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, a mọ ibi tí oníkálukú ń gbé lórí rédíò. Kútọnu á wọlé lórí 4870 kilohertz, Accra lórí 4915, Lomé lórí 5047, Kàdúná lórí 4770. Àmọ́ ìró kan tún wà lápá ibòmíràn tí kì í ṣe orin, tí kì í sì í ṣe ìròyìn. Ṣìì-ṣìì ló máa ń dún, á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tó ti ṣe iṣẹ́ tẹlígíráàfù ní rélùwéè, ló mọ ohun tó jẹ́. Á yá rédíò kejì, á gbé e ti èkíní, á rọra yí i sí ibi tó fi nǹkan bí 455 kilohertz rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Lójijì, ṣìì-ṣìì náà á di súfèé tó já gaara. Kóòdù Morse ni. Á máa tú u fún wa, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, á ní ènìyàn bíi tiwa ni, inú ilé rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń wá ẹni tí yóò dá òun lóhùn.

Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ham. Wọn kì í polówó ọjà, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà ló gbé wọn débẹ̀. Ìjọba ló ń fún wọn níwèé àṣẹ àti orúkọ ìpè. Kí a tó gba òmìnira, ZD2 ni ti Nàìjíríà fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, ó di 5N.

Ọ̀gá tí mo kọ́ iṣẹ́ ham lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 5N tirẹ̀. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù ìjọba, ó sì ń dá oko kòkó lọ́nà Àkáǹràn. Kò sí òpó irin gàgàrà kankan nílé rẹ̀. Wáyà bàbà tó gùn tó mítà 10 ló ta sáàárín igi ọ̀pẹ méjì. Ó gé e láàárín gan-an, ó fi ọrùn ìgò ya ojú méjèèjì sọ́tọ̀, ibẹ̀ ni wáyà mìíràn ti sọ̀ kalẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Gígùn yẹn kì í ṣe àfojúdá. Ìgbì 14 megahertz gùn tó nǹkan bíi mítà 21, ìdajì rẹ̀ sì ni wáyà náà. Ibi tí a kọjú rẹ̀ sí náà ṣe kókó, nítorí ẹ̀gbẹ́ wáyà ni ohùn ń gbà jáde jù, kì í ṣe orí rẹ̀. Èyí tó nà láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ń kọ ẹ̀gbẹ́ sí àríwá, ibẹ̀ ni Yúróòpù wà sí wa. Ẹni tó bá ń wá Amẹ́ríkà á yí i díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè kọ sí agbedeméjì àríwá àti ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀gá a máa tẹnu mọ́ ọn pé kí n tó ra ẹ̀rọ tó lágbára, kí n kọ́kọ́ gbé wáyà mi ga. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Ojú ọ̀run ló ń parí iṣẹ́ náà. Ìpele kan wà lókè tí oòrùn ń sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di oníná, ó sì ń dá ìgbì rédíò padà sílẹ̀ bí ògiri ṣe ń dá bọ́ọ̀lù padà. Ìbàdàn kò kẹ̀yìn nínú ìmọ̀ yìí. Ní University College, àwọn onímọ̀ físíìsì ti ń wọn ìpele náà láti àwọn ọdún 1950, wọ́n sì kópa nínú International Geophysical Year tí gbogbo ayé jọ ṣe ní 1957 àti 1958. Àárín ìgbà yẹn ni àmì dúdú ojú oòrùn pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀, tí agbára kékeré sì ń rìn jìnnà. Nǹkan bí ọdún 11 síra wọn ni irú ìgbà ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dé.

Ìdíje wá ni adùn rẹ̀ fún mi. CQ World Wide, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ló lókìkí jù: ti ohùn ẹnu ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀wàrà, ti Morse ní ti oṣù Bélú. Wákàtí 48 ni, láti aago kan òru Sátidé títí di aago kan òru Mọ́ńdè, lórí aago tiwa. Wọ́n pín ayé sí agbègbè 40, àwa sì wà ní 35. Ẹni tó bá dá wa lóhùn, a ó sọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ àti nọ́ńbà agbègbè wa, òun náà á sọ tirẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó di ẹlòmíràn. Ẹni tó wà ní kọ́ńtínẹ́ńtì mìíràn jẹ́ máàkì 3. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi iye orílẹ̀-èdè àti agbègbè tí ènìyàn dé sọ àròpọ̀ máàkì rẹ̀ di púpọ̀.

Nítorí èyí ni ilé kékeré lọ́nà Àkáǹràn fi níyì. Àwọn ará Jámánì, Ítálì àti Japan pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ṣùgbọ́n 5N ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ wáàtì 100 tó ń lo bátìrì mọ́tò ni Ọ̀gá ní, síbẹ̀ bó bá ti pè lẹ́ẹ̀kan, ohùn á ya bo ara wọn, oníkálukú á fẹ́ kí ó gbọ́ tòun. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ìpè sínú ìwé. Ní ọ̀sán a wà lórí 21 àti 28 megahertz, nírọ̀lẹ́ a bọ́ sí 14, nínú òru a sọ̀ kalẹ̀ sí 7. Bí àrá bá sán nínú oṣù Ọ̀wàrà, kíá la ó yọ wáyà kúrò lára ẹ̀rọ. Oṣù Bélú ló tù wá lára jù, torí òjò ti ń káṣẹ̀ ńlẹ̀, etí ẹ̀rọ sì máa ń dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, káàdì ìjẹ́rìí á máa dé láti òkè òkun sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀, a ó sì máa wo orúkọ ìlú tí a kò lè dé láéláé.

Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin olùkọ́ àti baálé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ẹgbẹ́ Nigeria Amateur Radio Society wà, àjọ NCC, tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, sì ni ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Igi wà lóko wa, àyè wà, ariwo iná ìgboro tó ń di rédíò létí kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó bá gé wáyà tirẹ̀, tó wọ̀n ọ́n, tó gbé e sókè, tó sì gbọ́ tí ará ìlú òkèèrè pe orúkọ ìpè rẹ̀, ó ti kọ́ ìṣirò, ìmọ̀ ayé àti sùúrù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdọọdún ni ayé ń wá 5N. Ẹ jẹ́ kí ọmọ oko Ìbàdàn wà lára àwọn tí yóò dá wọn lóhùn.