Àdùnní àti Àwọn Oníṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀: Àkọsílẹ̀ láti Igbó Ọ̀ṣun

Ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2009 ni Susanne Wenger, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, papò dà ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 93 ni. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni wọ́n ti bí i ní 1915, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, àárín àwa ni ó ti lò ó. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń rántí rẹ̀, ìtàn kan náà ni wọ́n máa ń sọ: òyìnbó kan ṣoṣo wọ inú igbó, ó sì tún igbó ṣe. Ìtàn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mo kà sí ẹ̀bùn rẹ̀ jù lọ ni pé ó dá ẹni tó mọ iṣẹ́ mọ̀, ó fún un láyè, kò sì bá a du iṣẹ́ náà.

*

Nǹkan bí ọdún 1950 ni òun àti Ulli Beier, ọkọ rẹ̀ nígbà náà, dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ni ọkọ bá wá. Wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó kó lọ sí Ẹdẹ, ibẹ̀ sì ni ikọ́ ife ti dá Àdùnní dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti bá Ajagẹmọ pàdé, olórìṣà Ọbàtálá. Yorùbá kò tíì dá ṣáká lẹ́nu obìnrin yìí. Àgbà náà kò fi ìyẹn ṣe, ó gbà á sọ́dọ̀, ó sì ń fi ọ̀nà òrìṣà hàn án díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ kí a máa rántí Ajagẹmọ dáadáa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Bí ó bá lé àlejò náà padà, ta ni ì bá gbọ́ orúkọ Àdùnní?

*

Ẹni tó bá rí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí Àdùnní ti wá ṣiṣẹ́, lónìí lè rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Rárá o. Ní àwọn ọdún 1950, ikán ń jẹ ojúbọ. Ọdẹ ń wọ ibi tí a kì í ti í dọdẹ, apẹja ń da àwọ̀n sínú odò tí ẹja rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀, àwọn kan ń gé igi, àwọn mìíràn sì ń wo ilẹ̀ náà bí ọjà tí a lè pín tà ní púlọ́ọ̀tì. Wọ́n tilẹ̀ gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀. Àwọn olórìṣà kò níye mọ́, ẹnu wọn kò sì ká a.

Àtáọ́ja Adénlé Kìíní ló wà lórí oyè nígbà náà. Kábíyèsí fi ọwọ́ sí iṣẹ́ títún igbó ṣe tí Àdùnní dáwọ́ lé, nǹkan ńlá sì nìyẹn, nítorí bí ọba kò bá sí lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olùtàlẹ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992 wọ́n fẹ òfin yẹn títí ó fi kárí gbogbo hẹ́kítà 75. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé, ìkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ yẹn àti ti ìkẹyìn, ogójì ọdún ni. Ẹ wo iye ọjọ́ tí obìnrin yìí fi ń bá àwọn aláàáké jiyàn, tó ń kọ ìwé sí ìjọba, tó sì tún ń mọ ère.

*

Ẹ ka orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbádàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé Ògún, Ràbíù Abẹ́sù, Ṣàká Àrẹ̀mú, Òjéwálé Àmọ̀ó. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ wọ̀nyí mọ̀ pé ilé ìmàle ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Wọ́n sì ń mọ ilé fún Ọ̀ṣun, wọ́n ń gbẹ́ òpó fún òrìṣà. Ní Òṣogbo ìgbà náà, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pe ìpàdé lé lórí. Lákòókò tí wàásù ìkórìíra ń dún lórí gbohùngbohùn káàkiri ilẹ̀ wa yìí, orúkọ wọ̀nyẹn máa ń tù mí nínú.

*

Adébísí Àkànjí nìkan tó kókó. Bíríkìlà ni. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti mọ símẹ́ńtì ni ibi iṣẹ́ ilé kíkọ́, níbi tí a ti ń po iyanrìn, tí a sì ń rẹ́ ògiri. Àwọn ilé alágùdà ní ìlú wa, tí àwọn tó dé láti Brazil àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kọ́, máa ń ní kìnnìún símẹ́ńtì lórí òpó ẹnubodè, àwọn bíríkìlà sì mọ iṣẹ́ náà láti ìran dé ìran. Orí ìmọ̀ yẹn ni Adébísí dúró lé. Ó tẹ irin, ó na símẹ́ńtì lé e títí ó fi di ènìyàn, di ẹranko, di ìtàn tí a lè fi ojú kà. Ògiri tó yí igbó ká gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì tún ṣe ògiri oníhò alárà fún ilé epo ní ìgboro, tí awakọ̀ tó wá ra epo fi ń rí iṣẹ́ ọnà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àdùnní kò ní kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Vienna. Ó jẹ́ kó jẹ́ bíríkìlà.

*

Àwọn kan máa ń ṣi Àdùnní mú fún Georgina Beier. Georgina ni Ulli fẹ́ lẹ́yìn tí òun àti Àdùnní pínyà. Òun ló darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1964 tí Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì àti Jímọ̀ Bùráímọ̀ ti yọjú. Obìnrin méjì, iṣẹ́ méjì, ìlú kan. Àdùnní ní tirẹ̀ fẹ́ onílù ará Òṣogbo, ó sì dúró sí igbó.

*

Nínú gbogbo ère inú igbó, ti Ìyá Mòòpó ló ń dá mi dúró jù. Òun ni òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́: amọ̀kòkò, aláró. Àdùnní mọ ọ́n ní gàgàrà, pẹ̀lú apá tó ju méjì lọ. Mo rò pé ẹni tó ti rí obìnrin Yorùbá lẹ́nu iṣẹ́ ló lè mọ irú ère bẹ́ẹ̀: ọmọ ń bẹ lẹ́yìn, iná ń bẹ lábẹ́ ìkòkò, oníbàárà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà. Apá méjì kò tó o.

Aláró sì ni Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ nínú ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú. Nígbà tí àwọn tó tẹ̀dó gé igi, tí igi wó sínú odò, ìkòkò aró rẹ̀ ló fọ́, òun àti àwọn náà sì dá májẹ̀mú lẹ́yìn náà. Àdùnní pẹ̀lú fi ẹ̀kọ láfún ya ìtàn òrìṣà sára aṣọ ńlá ńlá, bí àwọn aládìrẹ ṣe ń ṣe, kó tó rì í sínú aró. Ṣàngódáre Àjàlá, ọmọ tí ó gbà tọ́, di ọ̀gá nínú iṣẹ́ aṣọ yìí, ó sì di olórìṣà Ṣàngó.

*

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ fò. Àwọn kan tí wọ́n mọ ère gbígbẹ́ wa dáadáa sọ pé ère inú igbó kò jọ ti Yorùbá, pé ojú òyìnbó ni Àdùnní fi wo òrìṣà wa. Òótọ́ ni pé kò jọ ère ìbejì tàbí opọ́n Ifá. Òun fúnra rẹ̀ kò pè é ní iṣẹ́ àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà tí ilé náà jẹ́ tiwọn wọ inú rẹ̀, wọ́n bọ òrìṣà níbẹ̀, wọn kò sì kọ̀ ọ́. Ìdájọ́ tiwọn ni mo gbà.

*

Ilé Àdùnní ní ọ̀nà Ìbòkun, ilé alágùdà alájà, kì í dá nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ tó gbà tọ́ ń bẹ níbẹ̀, olórìṣà ń wọlé, ẹni tí ebi ń pa ń wọlé. Adédoyin Fáníyì, ìyálórìṣà Ọ̀ṣun, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà.

*

Odò ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ báyìí. Ìwakùsà wúrà lọ́nà Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi Ọ̀ṣun di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ pupa. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí ìyá ń bù fún ọmọ! Àdùnní dènà àáké, ó dènà àwọ̀n, ó dènà olùtàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀ ní ibi tó jìnnà réré sí igbó kò sí lára ogun tí òun bá jà. Àwa ló kàn, òfin sì wà tí ìjọba lè fi mú àwọn awakùsà náà.

*

Ojúbọ, ère àti iṣẹ́ ọnà inú igbó tó ogójì, yẹ̀pẹ̀ àti símẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú wọn. Òjò ń rọ̀ sí wọn lọ́dọọdún, gbòǹgbò ń wọ abẹ́ wọn, irin inú wọn ń dípẹtà. Àtúnṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Èyí tó ti sán ni a ó kọ́kọ́ gbẹ́ kúrò, a ó pààrọ̀ irin, kí á tó máa rẹ́ símẹ́ńtì tuntun lé e ní ìtẹ̀léra, kí ojú ère náà má bàa yí padà. Ọwọ́ tó mọ́ irú iṣẹ́ yìí lára kò pọ̀ mọ́, nítorí àwọn ti àkọ́kọ́ ti darúgbó, ọ̀pọ̀ sì ti lọ. Àjọ Adunni Olorisa Trust ń wá owó sí i. Ọmọ bíríkìlà tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ dúró ti àgbà fún ọdún púpọ̀, kò sì lè máa fi ebi dúró. Owó oúnjẹ àti owó iṣẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìrántí Àdùnní kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí wọ́n tó ra aṣọ ẹgbẹ́, kí wọ́n tó háyà àga.