Òkè Ni Ẹ Ń Wò

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣòro rí: ibi tí ariwo rẹ̀ ti ń jáde kọ́ ni ìdí rẹ̀ wà.

Kò sí ẹni tí ó ń gbé Àpápá tí kò mọ ohun tí ìdádúró ń jẹ́. Ọkọ̀ òkun a máa já ẹrù rẹpẹtẹ sí èbúté, ṣùgbọ́n bí ẹnu ọ̀nà bá há, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yóò tò lọ bẹẹrẹ ní Wharf Road àti Creek Road. Nítorí èyí ni àjọ tí ń mójú tó èbúté ní Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi íntánẹ́ẹ̀tì pe ọkọ̀ wọlé ní oṣù Èrèlé ọdún 2021. Ètò ni wọ́n sọ ọ́. Títóbi ọkọ̀ òkun kọ́ ni ó ń mú ẹrù yára dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ibi tí ọ̀nà ti há jù lọ ni ó ń pinnu rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ń gbé Àpápá GRA, ní ẹ̀rọ ìpamọ́ kan ní pálọ̀ rẹ̀: kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ní ojú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa tọ́jú fáìlì gbogbo ará ilé. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kó ohùn àwọn àgbà tí mo ti gbà sílẹ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún sí: ìjálá, ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ni ohùn náà ti di ará ọ̀run. Kọ̀ǹpútà mi tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀ sì ti darúgbó. A kò mọ ọjọ́ tí yóò dákẹ́. Gígábáìtì 200 ni ẹrù náà, wákàtí márùn-ún ni yóò sì gbà. Kí ó tó pé bẹ́ẹ̀, iná a ti lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dára. Ẹ jẹ́ kí a ra dátà sí i."

Mo ní, "Ẹrù tí ó ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, ṣé ó gba èbúté kọjá ni?" Fáìlì náà kò jáde kúrò nínú ilé; owó íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mú un yá.

A wá ń yẹ ọ̀nà náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kò yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. A kọ́kọ́ pa Wi-Fi, nítorí ògiri a máa dín agbára rẹ̀ kù. A fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router. Kò yá. A fi fáìlì ńlá kan ṣoṣo dán an wò, nítorí ẹgbẹ̀rún fáìlì wẹ́wẹ́ a máa falẹ̀ ju fáìlì ńlá kan lọ. Kò yí padà: mẹ́gábáìtì 11 ni ó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Iye yìí ni ó tú àṣírí. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ni ó wà nínú wáyà náà. Bí gbogbo wọn bá pé, ó lè gbé mẹ́gábíìtì 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀kan bá já, ẹ̀rọ lè padà sórí mẹ́rin péré, kí ó sì máa gbé 100. Bíìtì mẹ́jọ ni ó ń di báìtì kan. Ẹ fi 8 pín 100, ẹ ó rí 12.5, bí a bá yọ ohun tí ìrìn àjò náà ń jẹ kúrò, nǹkan bí 11 ni yóò kù. A tọ ipa wáyà láti router dé ìdí ẹ̀rọ ìpamọ́, a sì bá a lábẹ́ ilẹ̀kùn tí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tipẹ́. A fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ púpọ̀ tí gbogbo ohùn náà fi wọlé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ohun kan bá ń falẹ̀, ẹ má ṣe sáré náwó sí ibi tí ojú yín kọ́kọ́ bà lé. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tọ ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sì wá ibi tí ó ti há.