Àyẹ̀wò Tí Ń Purọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń sọ láàárín ara wa, tí etí mi kì í fẹ́ gbọ́. Bí àyẹ̀wò kan bá kùnà, ẹnìkan yóò ní, "Tún un ṣe, yóò yege." Wọ́n á tún un ṣe, á sì yege lóòótọ́, kálukú á bá tirẹ̀ lọ. Èmi kì í bá wọn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi ná, nítorí àwọn ará ilé mi pàápàá rò pé fóònù ni mo ń tún ṣe. Ètò kan wà tó máa ń sọ kọ̀ǹpútà ńlá kan di ilé ayálégbé. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ lójú ara rẹ̀; ó ní díìsìkì tirẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹlòmíràn wà ní yàrá kejì. Irú onílé bẹ́ẹ̀ ni QEMU, tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 2003. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìwé ìṣirò owó iléeṣẹ́ ló ń gbé inú irú ilé báyìí lónìí. Iṣẹ́ tèmi ni láti wò ó bóyá onílé yóò ṣìnà nígbà tí àṣẹ méjì bá dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà ti mọ àrùn náà tipẹ́. Ìwé ọjà sọ pé ó ku 20 àpò ìrẹsì. Ọmọ ọjà kìíní wo ìwé, ó rí 20, ó ta 3, ó ń wá bírò kiri. Kó tó kọ 17, ọmọ ọjà kejì wo ìwé kan náà, ó rí 20, ó ta 5, ó kọ 15. Ìgbà tí ti àkọ́kọ́ rí bírò, kò tilẹ̀ wo ohun tó wà níbẹ̀ mọ́, ó kọ 17 lé e lórí. Àpò 12 ló wà nílẹ̀. Ìwé ń sọ 17. Kò sí olè nínú wọn, bí ẹ bá sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan kó wá ṣe é lójú yín, kò ní ṣì í.

Nínú ilé ayálégbé tiwa, èyí tó burú ni kí ayálégbé méjì máa kọ̀wé sórí díìsìkì kan náà. Kò ní pẹ́ tí ohun tó wà níbẹ̀ yóò fi di rúdurùdu. Láti QEMU 2.10, tó jáde ní oṣù kẹjọ 2017, ni onílé yìí ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni kejì.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà tì dáadáa? Ìwé àṣẹ lásán ni mo fi ń dán an wò, èyí tí a ń pè ní shell script: àṣẹ kan ní ìlà kan, bí ìwé ohun tí a fẹ́ kí ọmọ rà bọ̀ lọ́jà. Ẹni tí ń kánjú yóò kọ ọ́ báyìí: gbé ayálégbé kìíní dìde, sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, gbé ìkejì dìde, wò ó bóyá wọ́n dá a padà. Inú oorun yẹn ni irọ́ ti ń wọlé. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ fún kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú-àáyá 5 lè kọjá kí ìkíní tó dé ẹnu ọ̀nà. Ìkejì á kọ́kọ́ wọlé, àyẹ̀wò á sì kùnà nígbà tí ilẹ̀kùn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á sọ 5 di 10, wọ́n á sọ 10 di 30. Ẹni tó ń se iṣu kì í wo aago, ọ̀bẹ ló fi ń gún un. Kí ìwé àṣẹ máa bi ayálégbé kìíní léraléra pé, "Ṣé o ti wọlé?", kó tẹ̀síwájú bó bá ti dáhùn, kó sì ní gbèdéke, ká ní ìṣẹ́jú kan, tí yóò fi kígbe pé nǹkan ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, èyí tó kàn yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Bí a bá rán àṣẹ méjì lọ pọ̀, tí a wá kọ wait lásán, shell yóò dúró títí àwọn méjèèjì yóò fi parí, yóò sì dáhùn 0, èyí tó túmọ̀ sí pé ó dára, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ kùnà. Ó dà bí olùkọ́ tó bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?", tí gbogbo wọn pariwo pé, "Ó yé wa, sà!" Nọ́ńbà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí a tọ́jú, kí a dúró dè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù dáhùn fún ara rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, tí n kò ní dárúkọ, irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni wọ́n tún un ṣe. Nígbà tó yá, díìsìkì oníbàárà kan bàjẹ́ gẹ́lẹ́ bí àyẹ̀wò náà ti ń wí. Ìwé gbèsè ọjọ́ méjì run. Obìnrin tó ni ín kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń béèrè pé ta ni yóò wá sọ fún òun ẹni tó jẹ òun lówó.

Èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Láàárín 1985 sí 1987, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí wọ́n ń pè ní Therac-25 fún èèyàn mẹ́fà ní ìtànṣán àpọ̀jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn kan nínú wọn kú. Ní Tyler, ní Texas, ní 1986, àṣìṣe náà kì í jáde àfi bí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ bá yá, tó tún àṣìtẹ̀ rẹ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 8 tí irin òòfà ẹ̀rọ ń tò lọ́wọ́. Ẹni tó rọra ń tẹ̀ ẹ́ kò lè rí i. Onímọ̀ físíìsì ilé ìwòsàn náà àti obìnrin tó ń tẹ ẹ̀rọ jókòó tì í, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, títí wọ́n fi lè pe àṣìṣe náà jáde nígbà tó wù wọ́n.

Ohun tí èmi náà ń wá nìyẹn. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdádúró kékeré sínú ètò náà fúnra rẹ̀, láàárín ìgbà tó wo ìwé àti ìgbà tó kọ ọ́, kí àṣẹ méjèèjì lè kọlu ara wọn lójú mi. Àyẹ̀wò tí n kò sì rí kó kùnà lórí ètò àtijọ́ tó ní àrùn, n kì í gbà á gbọ́ lórí èyí tí wọ́n ní ó ti sàn.

Bí ọ̀dọ́ kan níbi iṣẹ́ wa bá sọ pé àyẹ̀wò òun kùnà, ìbéèrè mi ni pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó nínú ẹ̀ẹ̀melòó?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan dáhùn pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú 1000, ẹ̀gbọ́n." Mo fa àga fún un. A kò tíì rí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti mú un dé 40 nínú 1000.