Ọ̀RỌ̀ TÓ GBA GBOGBO WA

 

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run, a sì fẹ́ dá sí i. Ṣé ó yẹ kí òfin àti ìkéde ìjọba máa dárúkọ tọkùnrin tobìnrin, àbí ti ọkùnrin nìkan ti tó? Àwọn kan ní àṣà òyìnbó ni, pé ó fẹ́ da ilé rú ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èdè tiwa. Tí a bá ní "ó ti dé", bàbá ni o, ìyá ni o, "ó" gbà wọ́n. "Ọmọ", "ẹ̀gbọ́n", "àbúrò", "ará", kò sí èyí tó ya akọ kúrò lára abo. Tí a bá wàásù sí "ẹ̀yin ará", ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fi "he" pe Ààrẹ, ó fi pe gómìnà náà. Amòfin á ní kò burú, torí òfin míì ti sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá pe ọkùnrin pe obìnrin pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Ní Ọ̀ṣun tiwa níbí, Erelú Olusola Obada ṣe igbákejì gómìnà láti 2003 dé 2010, ìyá wa Titi Laoye-Tomori sì gbà á títí di 2018. "He" ò dí wọn lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo abala 26. Ó ní obìnrin àjèjì tó bá fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Ọkọ àjèjì tí ọmọbìnrin wa fẹ́ ńkọ́? Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Ká ní ọmọkùnrin Ìlá kan mú ìyàwó wá láti Gánà, ọ̀nà ṣí sílẹ̀. Tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá mú ọkọ wá láti Gánà kan náà, ilẹ̀kùn tì. Bàbá kan náà, ìyá kan náà! Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé aṣòfin àpapọ̀ dìbò lórí àtúnṣe rẹ̀, wọn ò gbà á.

Ní 2016 pàápàá, nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Biodun Olujimi láti Èkìtì gbé àbá ẹ̀tọ́ ọgbọọgba wá, Bíbélì àti Kùránì ni àwọn kan fi takò ó. Ìyẹn ló dùn wá jù. Bíbélì wo? Nínú ìwé Númérì, òfin ogún dárúkọ ọmọkùnrin nìkan. Àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márùn-ún lọ bá Mósè níwájú gbogbo ìjọ: bàbá àwọn ò bí ọkùnrin, ṣé kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ ni? Mósè ò lé wọn. Ó gbé e lọ síwájú Ọlọ́run, Ọlọ́run ní ẹjọ́ wọn tọ́, òfin sì yí padà. Ilé Ísírẹ́lì ò tìtorí ẹ̀ dàrú.

Àmọ́ ká má fi "ó" yangàn jù o. Tí ìkéde bá ní kí "àwọn baálé ilé" wá gba ìrànwọ́, opó tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin á jókòó sílé. Ẹ sọ pé "olórí ìdílé", á dìde. Tí ẹ bá kọ "arọ" tàbí "odi", ẹni náà á gbọ́ èébú kó tó gbọ́ ìrànwọ́. "Akàndá ẹ̀dá" wà nílẹ̀, kò náni ní kọ́bọ̀. Tó bá sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, àgbẹ̀ oko á kàn wò ó kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ tó tẹ ìkéde jáde, ẹ kà á sókè, kí ẹ bi ara yín pé: ta ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbí? Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká ṣe bíi Mósè.

Olúwa ò ní gbàgbé orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ bá wa ṣe Àmín, kí ẹ sì pín in.