Lábẹ́ Igi Máńgòrò ní Bódìjà Àtijọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ìgbà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ń ronú nípa ilé gbígbé, kí ó rìn gba Bódìjà Àtijọ́ kọjá ní ìlú Ìbàdàn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọdún 1958 ni ìjọba ẹkùn náà dá àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ sílẹ̀, Bódìjà sì wà lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àjọ náà ṣe. Ilé kò fún mọ́ra wọn níbẹ̀ bí a ti ń rí i ní Òjé. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àyè níwájú àti lẹ́yìn, àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ sì gbin igi sí àyè náà: máńgòrò, ọsàn, píà, àgbọn. Púpọ̀ nínú àwọn igi náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn tí ó gbìn wọ́n ti lọ. Abẹ́ wọn tutù, ó sì tuni lára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ wọn dáadáa: ó pá bí orí àgbàlagbà.

Ọ̀nà àbáyọ tí ó wọ́pọ̀ lóde òní ni kí wọ́n gé igi, kí wọ́n sì to íńtálọ́ọ̀kì láti ẹnu géètì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò sí ẹrẹ̀ mọ́, kò sí ewé gbígbá, ọkọ̀ sì rí ibi dúró sí. Mo mọ ìdí tí ó fi ń wu ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni a wà, ìlú tí omi Ògùnpa ya bò ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí omíyalé mìíràn tún gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Kì í ṣe àgbàlá ẹnì kan ṣoṣo ló fa ìyẹn. Àmọ́ omi òjò tí kò bá rí ilẹ̀ wọ̀ kò ní ṣàì wá ibòmíràn gbà, ilé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó sì sábà máa ń gbà.

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní òpópónà kékeré kan tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló ń gbé ibẹ̀. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló gbin máńgòrò tí ó wà níwájú ilé, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti ń dúró láti ọdún gbọọrọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ le gbagidi, ó pupa, ó ń dán. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi a gba orí rẹ̀ sáré, ó di yàrá tí Màmá ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ra koríko wá tẹ́ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kú. Ọ̀rọ̀ náà sú àkọ́bí ilé.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí a gé igi yìí, kí a sì fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo rẹ̀.”

“Bàbá yín ló gbìn ín. Bí ẹ bá gé e, abẹ́ kí ni n ó máa jókòó sí lọ́sàn-án?”

Wọ́n wá fẹnu kò pé àwọn yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí koríko bá tún kú kí ọdún tó parí, igi yóò lọ.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ni wọ́n ránṣẹ́ sí. Bàbá Olódòdó ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò gbé koríko kankan wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣọ́bìrì àti kẹ́ẹ̀gì omi ló gbé dání. Ó gbẹ́ ihò kan tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, ó pọn omi kún un, ó ní kí a máa lọ jẹun. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn wákàtí 2, omi náà ṣì ń wò wá.

“Ẹ wò ó, Ọ̀gá,” ni ó wí fún àkọ́bí, “koríko kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ yín. Ilẹ̀ yín kò lè mí.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Erùpẹ̀ tí ó dára ní àlàfo wẹ́wẹ́ nínú. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti omi ń gbà, ibẹ̀ náà ni gbòǹgbò ń tọ̀ wọlẹ̀. Táyà ọkọ̀ a tẹ àlàfo náà pa, ẹsẹ̀ ènìyàn a ràn án lọ́wọ́. Bí ewé kò bá sì bo ilẹ̀, ẹ̀kán òjò fúnra rẹ̀ a máa lù ú mọ́ra. Koríko tí a tẹ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹní tí a tẹ́ sórí àpáta.

Ẹni tí ń kánjú yóò gbé ọkọ́, yóò sì ro ibẹ̀ jinlẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Gbòǹgbò tí igi fi ń fa oúnjẹ kò jìn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 1 sí 2 òkè ilẹ̀, ọkọ́ a sì gé e jẹ́gẹjẹ̀gẹ. Fọ́ọ̀kì onírin ni ó lò. Ó tì í bọlẹ̀, ó mì í síwá sẹ́yìn, ó fà á yọ, ó sún díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ó bá ti kan gbòǹgbò tí ó nípọn, a yà fún un. Wọ́n ti bomi rin ilẹ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kí fọ́ọ̀kì lè wọlé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ẹrẹ̀ rárá. Ó bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, ó fún un, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ó fọ́ kúẹ́kúẹ́ ni ó tó gbà pé iṣẹ́ yá. Ilẹ̀ tí a bá yọ lẹ́nu nígbà tí ó rin gbingbin, ńṣe ni yóò tún dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àkọ́bí fẹ́ ra ọkọ̀ yanrìn kan wá. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Yanrìn díẹ̀ nínú amọ̀, búlọ́ọ̀kù ni ẹ fẹ́ mọ yẹn.” Ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ni wọ́n tẹ́, ìwọ̀n íǹsì 2, wọ́n sì fi réèkì pò ó mọ́ òkè ilẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó gorí ìdí igi, nítorí igi tí a fi erùpẹ̀ sin ìdí rẹ̀ lè ti ibẹ̀ jẹrà. Wọ́n na okùn láti ara ilé dé gọ́tà, wọ́n sì rí i pé ilẹ̀ rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi tí ó bá ṣẹ́kù má ṣe kọjú sí yàrá Màmá mọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ibòji. Koríko méjì tí ó kú yẹn, Bahama ni. Oòrùn ni oúnjẹ Bahama. Kò sí ẹni tí ó lè bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé abẹ́ máńgòrò. Koríko kápẹ́ẹ̀tì tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ni ó ń fara da ibòji, èyí tí a ń rí lábẹ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà káàkiri. Síbẹ̀, òun náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin kan gun igi, ó gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ àti àwọn tí ó há mọ́ra nínú, kò sì gé tó ìdá mẹ́rin igi náà. Nígbà tí ó sọ̀kalẹ̀, oòrùn ti ń tò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbi tí ó ti ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀. Ìdí igi gan-an, wọn kò fi koríko síbẹ̀ rárá. Ewé gbígbẹ ni wọ́n tẹ́ yí i ká, àga Màmá sì wà lórí rẹ̀.

Oṣù Kẹfà, tí òjò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ni wọ́n tẹ́ koríko. Wọ́n to ó mọ́ra, wọ́n dúró lórí pákó kí ẹsẹ̀ má baà tún tẹ ilẹ̀ pa, wọ́n sì ń bomi rin ín lójoojúmọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 3, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sáré níbẹ̀. Àkọ́bí rí íńtálọ́ọ̀kì rẹ̀ tò, ṣùgbọ́n ìlà méjì péré tí táyà ń gbà ni. Bí wọ́n bá ń gé koríko náà, íǹsì 3 ni wọ́n ń fi sílẹ̀, nítorí inú ibòji, ewé gígùn ló ń rí ìmọ́lẹ̀ kó.

Òjò oṣù Kẹsàn-án pọ̀, yàrá Màmá sì gbẹ. Oṣù Kejìlá dé, kò sí ẹni tí ó dárúkọ àáké. Ẹ̀gbẹ́ géètì ṣì pá díẹ̀, níbi tí ọkọ̀ àlejò ti ń yà kúrò lójú ìlà; Bàbá Olódòdó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ títí òjò oṣù Kẹrin yóò fi rọ̀, òun ń gbé fọ́ọ̀kì òun bọ̀.