Ikùn Bàálù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. Láìmọye ìgbà ni mo ti pa òwe yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n kò yé èmi alára títí mo fi ṣe iṣẹ́ kan tí ó gbà mí ní ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń jẹun nídìí rẹ̀. Bàálù ogun ni mo ń kàn, kì í ṣe èyí tí ń fò, bí kò ṣe àwòrán rẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, tí mo sì fẹ́ kí ohun gbogbo tí ó wà lára ojúlówó wà lára rẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn aládùúgbò rò pé orí mi ti ń dàrú. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí kò dá oko, tí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí ó wá ń ṣa agolo mílíìkì kiri láti Mayfair dé Lágéré, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

MiG-17 ni bàálù náà. Orúkọ àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ méjì ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, Mikoyan àti Gurevich, ni wọ́n gé pọ̀ tí ó fi di MiG. Ọdún 1950 ni irú bàálù yìí kọ́kọ́ fò. Ẹ̀rọ tí ń tì í lọ jẹ́ ọmọ bíbí inú ẹ̀rọ Rolls-Royce kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tà fún àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì. Ẹ kò rí i pé ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni! Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa kò tíì pé oṣù méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó o wọ Kánò. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú wa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, kò ní irú rẹ̀ kí ogun tó dé. Àwọn awakọ̀ láti òkèèrè, tí àwọn ará Íjíbítì wà nínú wọn, ni ó ń wà á.

Èmi kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí ogun náà parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ara ìwé ìròyìn àtijọ́ kan tí bàbá mi fi bo ìwé ìṣirò rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí MiG. Imú rẹ̀ là sílẹ̀ róbótó bí ẹnu ẹja àrọ̀, apá rẹ̀ sì fà sẹ́yìn bí ti àṣá tí ó fẹ́ já lu òròmọdìẹ. Ó wù mí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Àti ìgbà náà ni mo ti ń fi fùkẹ̀fùkẹ̀ inú ọ̀pá ìmọ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ gbẹ́ ẹ ní kékeré, bí gbogbo ọmọkùnrin ìgbà náà ti ń ṣe, mo sì ti pinnu pé bí mo bá fẹ̀yìn tì, n óò ṣe ńlá rẹ̀ kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní eré ọmọdé, n óò rán an létí ìlú tí mo ń gbé. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe wọ́n kò fi ohunkóhun ṣeré. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn agbẹ́gilére wa ti pín iṣẹ́ sí ìpele mẹ́rin: ọnà lílé, níbi tí a ti ń la igi kí orí àti ẹsẹ̀ ère lè hàn, alétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yọ, dídán, àti fínfín, tí í ṣe ìpele ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, níbi tí irun àti ìlà ti ń wọlé. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn ọ̀gá bí olóògbé Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi ń tọ́ ọmọ iṣẹ́. Èmi náà kò wá ìlànà lọ sí ibòmíràn.

Gígùn ojúlówó bàálù náà jẹ́ mítà 11.26, láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì jẹ́ mítà 9.63. Tèmi wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 112.6 ní gígùn àti 96.3 ní ìbú. Nígbà tí ó kúrò ní yàrá, orí tábìlì ìjẹun wa ni ó dúró sí, a sì fi bí oṣù mẹ́rin gbé àwo oúnjẹ lé itan jẹun. Ọlọ́run ni yóò san oore fún ìyàwó mi.

Lílé kò pẹ́. Mo gé pákó pẹlẹbẹ ní róbótó róbótó, mo tò wọ́n sórí ọ̀pá kan bí egungun ìhà ẹja, mo sì fi fùkẹ̀fùkẹ̀ ọ̀gọ̀rọ̀ dí àárín wọn. Apá ni ó fìyà jẹ mí. Mo ti kan méjèèjì, mo ti fi sáńpépà ha wọ́n, kí n tó ṣàkíyèsí pé apá MiG-17 kì í fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà láti ìdí dé orí. Dígírì 45 ni ní ìdí, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà orí, ó di 42. Dígírì mẹ́ta péré! Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n ní gbogbo Mayfair. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n, n kò sì lè sùn. Mo yọ wọ́n, mo jù wọ́n sí igun yàrá, mo ṣe òmíràn.

Ti awọ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù láti máa sọ. Àwọn atẹ̀wé pọ̀ ní àdúgbò wa, wọ́n sì ní páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tí wọ́n á sì sọ nù lẹ́yìn iṣẹ́. Owó táṣẹ́rẹ́ ni mo fi ń rà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀bẹ abẹ lásán ni ó ń gé e, ó sì ń tẹ̀ bí a bá ti fẹ́. Ojú tí ó mọ́ ni mo kọ sí ìta. Ojú tí ìwé wà lára rẹ̀ ni mo kọ sí inú. Nítorí náà, inú bàálù mi kún fún ìbéèrè ìdánwò, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìkéde òkú. Kí n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ni mo ń fi kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré tí àwọn aránṣọ fi ń ṣe àmì sára aṣọ yí ẹ̀yìn rẹ̀, kí orí ìṣó lè yọ wínníwínní ní ojú ìta, ní ìlà títọ́, bí ẹni pé wọ́n kan páànù mọ́ páànù.

Lẹ́yìn èyí ni fínfín dé, ọdún kan gbáko sì lọ sí i. Mo ṣe àga awakọ̀, mo fi awọ bàtà ya ìgbànú rẹ̀. Mo ṣe aago wẹ́wẹ́ iwájú rẹ̀, mo sì fi ìrun ojú ẹṣin ìgbálẹ̀ ṣe ọwọ́ wọn. Fún gíláàsì tí ó bo orí awakọ̀, mo gbẹ́ igi ní ìrísí rẹ̀, mo ti ike omi lítà kan ààbọ̀ bò ó, mo sì fi iná yá a títí ó fi sún mọ́ igi náà pinpin. Ike mọ́kànlá bàjẹ́ kí ọ̀kan tó dára. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí ó dúró ṣánṣán lórí apá kọ̀ọ̀kan pé. Ìbọn mẹ́ta tí ó wà lábẹ́ imú náà pé: ọ̀kan oní-mìlímítà 37 ní ọ̀tún, tí mo fi ọ̀pá èríà rédíò ṣe, àti méjì oní-mìlímítà 23 ní òsì, tí mo fi ọ̀pá yíǹkì bírò ṣe.

Nígbà tí ó kan ohun tí a óò so mọ́ abẹ́ apá, mo dúró díẹ̀. Àgbá epo lítà 400 ni ó lè wà níbẹ̀. Bọ́ǹbù oní-kílò 250 sì lè wà níbẹ̀. Mo yan epo. Mo sọ fún ara mi pé òtítọ́ náà ni, àti pé ó bá ìrísí bàálù náà mu jù.

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ kan bọ̀ ọ́ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ṣèlérí ẹ̀rọ àti irin-iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn dé ni wọ́n wà títí ìpẹtà fi jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ tí ń yọjú láti ojú fèrèsé mi kò tíì rí ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ rí. Èyí ni mo ṣe ń jẹ́ kí wọ́n wọlé.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, wà lọ́dọ̀ mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo fún un ní ọ̀kan nínú apá tí mo ti jù nù. Ó gbé e sókè, ó ń sáré yí yàrá ká, ó ń fi ẹnu hó bí jẹ́ẹ̀tì tí ń já bọ̀ láti òkè. Mo gbọ́ tí nǹkan bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ìyá Aláṣọ ni. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìyá yìí ti ń ta aṣọ ní òdìkejì ilé wa. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ. Ṣéńjì tí mo gbàgbé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ó mú wá. Báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di igi ilẹ̀kùn mú.

Ọmọ náà dákẹ́. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ jókòó.”

Kò jókòó. Ó ní, “Tíṣà, kí ni ẹ ń kàn níbí?”

Mo ṣàlàyé. Ojú ń tì mí nísinsìnyí bí mo bá rántí bí mo ti ń fọ́nnu: mo fi aago hàn án, mo fi ìgbànú awọ hàn án. Kò wo ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní, “Ṣé ẹ lè yí i padà, kí ikùn rẹ̀ wà lókè?”

Èmi àti òun ni a jọ yí i.

Ó wò ó pẹ́. “Ibí yìí ni mo mọ̀,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ń wò ó láti òkè. Èmi kò rí òkè rẹ̀ rí.” Ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun ní 1968, ọjọ́ ọjà ìlú àwọn sì ni. Ó fi ìka kan àgbá epo mi. “Kí ni ìwọ̀nyí?”

“Epo ni, Màmá. Wọ́n lè so epo mọ́ ọn, wọ́n sì lè so bọ́ǹbù. Èmi yan epo.”

“Tíṣà, ẹni tí ó wà nílẹ̀, ṣé yóò dúró bi í bóyá epo ni ó gbé?” Lẹ́yìn náà ó ní, “Àbúrò mi ọkùnrin ni ó wà lẹ́yìn mi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú.” Ó dúró níbẹ̀. Ọmọ náà bá a gbé báàgì rẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. “Ó mọ́ jù. Ibi tí ìbọn ti yọ yìí dúdú. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.”

Mo jókòó ti bàálù náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa tí a gbé Ifẹ̀ láti 1997 sí 2000, nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, mọ ìró ìbọn dáadáa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ti ń dún sí wa. Mo ti kà á nínú ìwé pé bọ́ǹbù bọ́ sí ọjà àti ọsibítù ní ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn oníròyìn tí ó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Mo kà á, mo ṣí ojú ewé kejì, mo ń wá àwọ̀ àga awakọ̀. Ikùn tí ó wà níwájú mi yìí, páànù kan ṣoṣo ni mo fi bò ó, láìfín nǹkan kan sí i, nítorí pé mo ti pinnu pé tábìlì ni yóò kọjú sí, kò sì sí ẹni tí yóò rí i. Èmi tí n kò lè sùn nítorí dígírì mẹ́ta!

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè mo ya páànù náà kúrò. Ohun tí ó wà ní ikùn MiG kò kéré. Ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí pẹpẹ kan tí wọ́n ń fi okùn irin sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún wọn ṣe. Ojú ibi tí pẹpẹ náà ti pàdé ara bàálù gbọ́dọ̀ hàn. Ihò wà níbẹ̀ tí àpò ọta ń gbà jáde. Ilẹ̀kùn táyà wà níbẹ̀, àti lẹbẹ kékeré tí ó wà lábẹ́ ìrù. Mo bẹ̀rẹ̀ láti alétúnlé. Mo yọ àgbá epo méjèèjì, n kò sì tíì so ohunkóhun sí ipò wọn. Ihò ìṣó wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá Aláṣọ a máa yà wò ó bí ó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo ti fi èédú àti epo pa abẹ́ imú náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní ìgbà àkọ́kọ́ ó ní kò dúdú tó. Ní ìgbà kejì ó ní ó yẹ kí ó fà lọ sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Ní ìgbà kẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn mú ìka kan tọ́ ọ, ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu ìka náà.

Orí ìrọ̀rí méjì ni bàálù náà wà nísinsìnyí, ikùn rẹ̀ ní òkè. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò yí i padà, kí wọ́n lè rí yàrá awakọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ òkìkí rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ kò tíì parí.